Wọ́n Kẹ̀yìn Sí Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ́kọ títí, ó ti sú u. Ó ti fẹ́ ọlọ́pàá, ó ti fẹ́ ọmọ ọba, ó ti fẹ́ oníṣègùn eyín kan tó ń purọ́ bí ẹni ń mí. Ó ti kú sínú omi, ó ti kú lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ ojú irin sì ti gbá a rí. Ojú kan náà ló dúró sí tó fi ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ yí ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ohùn sí ẹnu àwọn obìnrin inú fíìmù tó ti òkè òkun wá, kí àwọn ènìyàn wa lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní èdè tiwa.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. A kì í wọ ẹ̀gbà ọwọ́ débẹ̀, torí máìkì ń gbọ́ ọ. A kì í wọ aṣọ tó ní sítáàṣì. A kì í tan fáànù, bí ooru tilẹ̀ ń pani. Bí iná pupa òkè orí bá ti tàn, ẹ̀rọ ti ń gba ohùn nìyẹn. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí bí ikùn bá kùn níbi tí ọmọge ti ń sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun kò rí oorun sùn nítorí tirẹ̀, fíìmù ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnu mu. Ibi tí ẹni inú àwòrán bá ti yanu ni kí o ti yanu. Ibi tó bá ti pa ẹnu dé, bí ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ bá tilẹ̀ ga bí òkè, gbé e mì.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́ náà débi pé ó ń gbé e wálé. Bí màmá wa bá ń bá a wí, ẹnu màmá ló máa ń wò, kì í wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ìkòkò jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, màmá sì sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n mi ní:

"Mọ́mì, bí ẹ bá yọ 'mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀' yẹn kúrò, á wọlé sẹ́nu yín dáadáa."

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń sọ?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ọjọ́ tí mo rọbí ẹ̀ ńkọ́? Kí n yọ ìyẹn náà kúrò, kó lè wọlé dáadáa?"

Ọkùnrin tó ń fi ohùn sí ẹnu gbogbo àwọn ọkọ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní Àrá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn á sún sẹ́yìn kí òmìrán kan lè ráyè kọjá. Ohun tó máa wọlé ni ọkùnrin tín-ín-rín kan tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, tó gbé bàtà rẹ̀ dání kó má baà dọ̀tí ilẹ̀ onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ohùn náà ń gbé nínú irú ara bẹ́ẹ̀. Màmá wa ní àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ pé ó yá a ni.

Àrá àti ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ra wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn gan-an kò lè sọ ọ́. Wọ́n á jọ parí iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn wálé, Àrá á bá wa fi òróró sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń han, á jẹun, á kí màmá, á lọ. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti gbọ́ ohùn wọn nínú fíìmù ti sọ wọ́n di tọkọtaya tipẹ́. Ọmọdébìnrin kan tilẹ̀ dá Àrá dúró lójú pópó, ó bi í pé kí ló dé tó fi já ìyàwó rẹ̀ jù sílẹ̀ nínú òjò ní ọjọ́ Sátidé. Àrá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè fi ohùn lásán mú obìnrin gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀ nínú fíìmù, bó bá ti bọ́ síta, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Ooru mú lónìí." "Ó dà bíi pé òjò máa rọ̀." Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi rí pé ó wu òun. Màmá wa, tó ti ń pè é ní àna lẹ́yìn rẹ̀, á mi orí. "Àrá yìí ń sán, ó ń sán, òjò ò rọ̀."

Nígbà tó yá, Àrá rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú mìíràn, ibi tí bọ́ọ̀sì ń fi odindi ọjọ́ rìn. Ìròyìn ni yóò máa kà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ tó bá ti parí fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà nìyí:

"Ilé tí wọ́n fún mi, yàrá méjì ni."

"Ó dáa."

"Fèrèsé ẹ̀ tóbi."

"Ìyẹn náà dáa."

"Atẹ́gùn á máa wọlé."

Ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó ju báàgì rẹ̀ sórí àga.

"Yàrá méjì! Kí ni mo fẹ́ fi yàrá méjì ṣe? Ṣé èmi ló fẹ́ kí n wá máa gbá a ni?"

"Bóyá ohun tó ń sọ ni pé kẹ́ ẹ jọ máa lọ," mo ní.

"Kó sọ ọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ ọ́ tán nìyẹn."

"Ìwọ náà, má bá mi sọ̀rọ̀ fèrèsé." Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Mo fẹ́ lọ o. Mi ò lè purọ́ fún ẹ. Bó bá fi ẹnu ara ẹ̀ bi mí, láìsí ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, láìsí pé wọ́n tan iná pupa sí wa lórí, ọjọ́ yẹn gan-an ni màá di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí fèrèsé tẹ̀lé ọkùnrin."

Fíìmù tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ìtàn obìnrin kan tó ń tún aago ṣe ni, àti ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun. Omi wọ aago ọkùnrin náà, ó gbé e wá, ni ọ̀rọ̀ bá di ìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ bó ṣe máa parí, nítorí Ìyá Elétí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìyá Elétí ló ni sítúdíò. Obìnrin abarapá kan ni, tó máa ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú ohun ìgbọ́hùn ńlá méjì tó dé etí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Òun nìkan ló ń wo fíìmù dé òpin. Á gé e sí wẹ́wẹ́, á máa bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò le. "Ohùn tó bá ti mọ̀ pé òun máa sunkún lọ́la," ló máa ń wí, "òní ló ti máa ń wá aṣọ ìnujú."

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ń fura. Bá a bá ti jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, màmá á ní kó ròyìn.

"Ọ̀rọ̀ wọn ti ń kúrú," ló sọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. "Tẹ́lẹ̀, bí ọkùnrin inú fíìmù yẹn bá bi obìnrin náà pé ṣé ó ti jẹun, ìdáhùn ẹ̀ ń kún ojú ìwé. Lónìí, 'mo ti jẹ' ló sọ. Ó tán."

"Ṣé wọ́n jà ni?" màmá bèèrè.

"Wọn ò jà."

"Ọkùnrin yẹn ti ní obìnrin síta."

"Kò ní, mà."

"Àbí àìsàn ni?"

"Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Ó kàn ń tán lọ ni."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, ó wá ń tán lọ? Ìyẹn ló burú jù. Bí èèyàn bá jà, àwọn àgbà á parí ẹ̀. Èyí tí kò sí nǹkan kan yìí, ta ni wọ́n fẹ́ bẹ̀?"

Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn títí tí mo fi lọ sùn. Nínú àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, ìfẹ́ kì í kú láìjẹ́ pé ẹnìkan pa á.

Ọjọ́ tí wọ́n máa parí fíìmù náà dé. Ìwé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju àjákù lọ. Ibùdókọ̀ ni, ní òwúrọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, báàgì kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n sì kẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀yìn àti èjìká wọn nìkan là ń rí. Nínú iṣẹ́ wọn, bí àwòrán bá ti kẹ̀yìn síni báyìí, ìsinmi ni. Kò sí ẹnu tí o fẹ́ bá mu. Ohun tó bá wù ọ́ lo lè sọ, bí kò bá ṣáà ti gùn ju ìdúró wọn lọ. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí ọkùnrin sọ pé, "Ọkọ̀ ti dé," kí obìnrin ní, "Ó ti dé." Lẹ́yìn náà, wọ́n á dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà, "Ó dàbọ̀," àti "Ó dàbọ̀."

Iná pupa tàn. Wọ́n sọ ti àkọ́kọ́, ó lọ dáadáa. Nígbà tó kan ìdákẹ́, Àrá rọra fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ máìkì.

"Bá mi lọ," ó ní. "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Gbogbo èyí tí mo mọ̀, mo ti sọ ọ́ fún ọ lórúkọ ọkùnrin mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ ọ́, ìwọ ni mò ń wò, mi ò wo àwòrán. Bá mi lọ."

Ìyá Elétí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò sunkún lẹ́yìn gíláàsì yẹn rí láti ọjọ́ tí òun ti ra ẹ̀rọ, àfi ọjọ́ yẹn. Ó gbàgbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ibi tí ọkùnrin inú àwòrán ti gbé èjìká sókè ni Àrá ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti gbé báàgì láti ọwọ́ kan sí èkejì ni Àrá ti mí. Bí "bá mi lọ" ìkẹyìn sì ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni èjìká yẹn wá sílẹ̀. Ó ṣe wẹ́kú. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán tí kò rí rí.

"Àrá," ó ní, "o ti wo òpin fíìmù yìí."

Àrá wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sítúdíò máa ń wà, òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. "Mo wò ó."

"O wá fi èjìká eléjìká wọn ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ bá mi sọ."

"Kó má baà gùn jù ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Àrá fẹ́ múra gírí, kò lè mú un mọ́ra, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó ń mi fóòmù lára ògiri. Ohùn Ìyá Elétí jáde láti inú sípíkà:

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Èmi ń sunkún níbí! Àrá, ta ló ní kó o wo òpin? Dá kọ́kọ́rọ́ mi padà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún wa láyè díẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fa Àrá lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò sí fóòmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Korobá àti ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń yí lókè. Ẹ̀gbọ́n mi fara ti ògiri. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ti ń rẹ́rìn-ín tó yẹn, òun ti ń ro aṣọ tí òun máa kọ́kọ́ dì sínú àpótí.

"Ó yá," ó ní. "Kò sí èjìká ẹnikẹ́ni níbí. Bi mí."

Àrá yanu. Ó pa á dé. Ó wú ikọ́.

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti 'bá mi lọ'?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù ẹ́."

Ó gbójú sókè. "Fáànù yìí ń ké. Ó yẹ kí wọ́n fi òróró sí i."

Inú fẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ gidi kan ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àfi bó ṣe kíyè sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ó ti dá èémí dúró. Ojú rẹ̀ wà ní ètè Àrá, ó ń wá ibi tí òun máa ti wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu tipẹ́, "mò ń bọ̀" ni, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ̀n ọ́n: ó ń rò ó pé ó kúrú, pé ó yẹ kí òun fi nǹkan gùn ún.

"Mo ti ń dá Àrá lẹ́jọ́," ló wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Ọ̀kan náà ni wá."

Wọ́n dúró. Wọ́n sì jọ ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo..."

"Ṣé..."

"Sọ tìẹ."

"Rárá, sọ tìẹ ná."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n tún jọ sọ̀rọ̀ pa pọ̀, wọ́n tún jọ dákẹ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí nínú yàrá fóòmù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò pẹ́.

"Níbí yìí, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ sí ẹ," Àrá wí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò dún rárá. Ohùn ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó há díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ọ rí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

"Bá a bá lọ, màá máa sọ fún ẹ láràárọ̀ pé ooru mú."

"Èmi á ní, 'Ó mú lóòótọ́.'"

"Títí a ó fi darúgbó."

"Kí ló ń dà ọ́ láàmú? A ò ní tíì darúgbó tí màá fi ju ìkòkò lù ẹ́."

Àrá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti korobá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ògiri tó kọjú sí wọn.

"Kó o ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ lọ," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo fẹ́ lọ gan-an ni."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ bi ẹ́ gan-an."

Síbẹ̀, Àrá kò bi í, òun náà kò sì sọ pé òun ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Bí màmá wa bá wà níbẹ̀, kì bá ti rí ẹni tó máa bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ nàró, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ìyá Elétí ti nu ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ ti yanjú ẹ̀?"

"A ti yanjú ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́, kí n kúkú fi èyí tí Àrá sọ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀? Wọ́n kẹ̀yìn sí wa, ta ló máa mọ̀? Ó dùn ju ti inú ìwé lọ. Ìwọ kàn dá a lóhùn pé o gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi wo Àrá. Àrá ló ti rí òpin.

"Obìnrin yẹn kò ní wọ ọkọ̀ náà, mà," Àrá wí. "Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń lọ. Bó bá ní òun gbà, àwòrán á sọ ọ́ di òpùrọ́."

"Ẹ pa á rẹ́, mà," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Iná pupa tún tàn. "Ọkọ̀ ti dé." "Ó ti dé." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kí ìdákẹ́ náà pẹ́ tó bó ṣe yẹ kó pẹ́, wọn kò fi nǹkan kan dí i. "Ó dàbọ̀." "Ó dàbọ̀." Ìyá Elétí gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn gíláàsì. Kò ní kí wọ́n tún un sọ.

Àrá lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìròyìn tó ń kà kì í dé ọ̀dọ̀ wa, rédíò wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Màmá bínú sí àwọn méjèèjì, ó bínú sí èmi náà pé kí ló dé tí n kò dá sí i, ó wá fi gbogbo rẹ̀ bínú sí fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ lọ bá Ìyá Elétí, ó ní kó fún òun níṣẹ́ àwọn fíìmù ọmọdé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fún un ní pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnu pẹ́pẹ́yẹ nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ó kàn ń ṣí, ó ń pa dé ni, ọ̀rọ̀ yòówù tí o bá sọ sí i, ó gbà á. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò dánu dúró. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ń ṣàlàyé ìdí tí òun ò fi bá àwọn yòókù kọjá sí òdìkejì odò."

"Ṣé ó wà nínú ìwé?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Ó ti ń gùn jù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹ́ kó gùn," ó ní, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.